Gílóòbù tí kì í tàn, òun ló ń di sine wave mú

Wien bridge oscillator ni ẹ̀rọ iná kékeré tó ń ṣe sine wave, ìgbì iná tó ń lọ sókè sódò láìní igun. Ká fo ti résístọ̀ àti kàpásítọ̀ inú ẹ̀ tó ń pinnu iye ìgbà tí ìgbì máa mì, ìyẹn ò le rárá: résístọ̀ 16k àti kàpásítọ̀ 10nF, ẹ ti ní nǹkan bíi 1,000 ìgbà ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ibi tó dùn nínú Wien bridge oscillator ni ibi tí wọ́n máa ń sáré kọjá: ta ló ń sọ fún ìgbì yẹn pé ó ti ga tó, kó dúró níbẹ̀?

Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe ní Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba títí dé ìta FUTA, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: "Ṣáà wá résístọ̀ tó péye, jẹ́ kí gain jẹ́ 3 géérégé, á dúró." Gain ni iye ìlọ́po tí amplifáyà ń sọ ìgbì dì. Ibi tí 3 ti wá ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbì ni résístọ̀ àti kàpásítọ̀ yẹn ń jẹ́ kó kọjá, amplifáyà sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po 3 kó tó padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ ta ló rí 3 géérégé rí? Ọ̀sán pọ́n, ṣọ́ọ̀bù gbóná, résístọ̀ yí díẹ̀, ó di 2.99, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó di 3.01, ó ń ga, ó ń ga, títí tó fi kanlẹ̀kùn iye vólítì tí wọ́n fún op-amp, ìyẹn amplifáyà kékeré inú ẹ̀rọ náà, orí ẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé wọ́n fi àdá gé e. Bí máìkì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe máa ń hu gan-an nìyẹn, òrùlé amplifáyà nìkan ló dá a dúró, ìdí tó fi ń dun etí nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní ẹ rí 3 géérégé ọ̀hún, kò sí nǹkankan nínú 3 tó sọ pé kí ìgbì jẹ́ 1 vólítì àbí 5. Èyíkéyìí tó bá ti wà náà ló máa wà.

Ohun tó yẹ ni kí gain ju 3 lọ díẹ̀ nígbà tí ìgbì ṣì kéré, kó wá fúnra ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí 3 bí ìgbì ṣe ń ga. Gílóòbù kékeré ló ń ṣe é. Tungsten inú ẹ̀, bó bá ṣe ń gbóná sí i ló ṣe ń le fún iná láti kọjá, nígbà tó bá tutù, résístánsì ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìgbà tó bá tàn dáadáa. Résístọ̀ méjì ló ń pinnu gain, ẹ fi gílóòbù rọ́pò èyí tó lọ sí ground, ìyẹn ìlà 0 vólítì: ìgbì ga, okùn inú ẹ̀ gbóná, résístánsì pọ̀, gain wálẹ̀. Kò ní tàn o, tẹ́ ẹ bá paná yàrá, bóyá kẹ́ ẹ rí i tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ thermistor (résístọ̀ tó ń yí pẹ̀lú ooru) tí résístánsì ẹ̀ ń dínkù tó bá gbóná lẹ ní, ààyè résístọ̀ kejì ló ń lọ, tẹ́ ẹ bá ṣì í fi síbi gílóòbù, gbogbo ẹ̀ á sá lọ sókè.

Ẹ wo ìyá tó ń dín àkàrà láàárọ̀ ní Arákalẹ̀. Epo gbóná jù, ó fa igi kan jáde, epo rọ̀, ó ti igi padà. Àmọ́ kì í fa igi tìtorí àkàrà kan ṣoṣo tó bọ́ sínú epo tó pariwo, gbogbo agbada ló ń wò. Tó bá jẹ́ pé bí àkàrà kọ̀ọ̀kan ṣe ń bọ́ ló ń fa igi tó tún ń tì í, ọ̀kan á jó, ọ̀kan á jẹ́ omi nínú. Ohun tí dáyóòdù, tí àwọn kan ń lò dípò gílóòbù, ń ṣe nìyẹn o, àárín ìmì kọ̀ọ̀kan ló ti ń dá sí i, ó ń tẹ orí ìgbì, ìgbì ò sì lè dán. Gílóòbù lọ́ra. Ní 1,000 ìgbà ní sẹ́kọ́ńdù kan, kò ráyè tutù kí èyí tó kàn tó dé, àròpọ̀ ooru nìkan ló mọ̀. Ìlọ́ra yẹn gan-an lọgbọ́n ẹ̀.

Ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 5 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ó ti ń ráyè báyìí, ó ń gbóná ó ń tutù lẹ́ẹ̀mejì nínú ìmì kan, ìgbì míì tó yára ní ìlọ́po 3 á sì wọ inú tiyín. Tẹ́ ẹ bá tún yí bọ́tìnì láti pààrọ̀ iye ìmì, lójú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì síta fún ojú, ẹ máa rí i tí ìgbì ń wú tó ń fọ̀ bí ẹni ń mí kó tó jókòó, ìyá ti fa igi jù nìyẹn, ó sì ní láti ti díẹ̀ padà. Wọ́n tún ń lo JFET, irú transistor kan tó ń ṣe bíi résístọ̀ tí vólítì ń yí, ìyẹn dáa torí ẹ̀yin lẹ máa fi kàpásítọ̀ yan bó ṣe máa lọ́ra tó, àmọ́ vólítì orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun náà á ba ìgbì jẹ́.

Gílóòbù yìí ni William Hewlett fi ṣe ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ẹ̀, Hewlett-Packard (HP), kọ́kọ́ tà, ní 1939, $54.40 ni wọ́n ń tà á, ilé iṣẹ́ Walt Disney sì ra 8 nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Meacham, ẹnjiníà Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ti lo gílóòbù nínú bridge oscillator tiẹ̀ ní 1938.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, gílóòbù 12 vólítì tí kì í gbà ju 50 milliamp lọ tó bá tàn dáadáa ni kẹ́ ẹ wá, torí op-amp kékeré ò lè ti ju nǹkan bíi 20 milliamp, a ò sì fẹ́ kó tàn. Ẹ yẹ inú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ rí okùn wáyà tín-ín-rín yẹn. LED ni wọ́n ń kó wá báyìí, kò sì sí okùn kankan nínú ẹ̀ tó máa gbóná.