Ihò tó ṣófo: bí ọmọ Kétu ṣe lè fi ekùrọ́ kọ́ àròpọ̀ àti àyọkúrò

Páálí ẹyin kan, ihò 30 ló wà nínú ẹ̀: ìlà mẹ́fà, ihò márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gé e sí mẹ́ta, kí ìlà méjì-méjì wà papọ̀, a ó ní páálí kéékèèké mẹ́ta, oníhò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Méjì nínú wọn àti ẹ̀kúnwọ́ ekùrọ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. (Bí ekùrọ́ bá ń dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àyọkúrò, ẹ wo ẹnu ọmọ. Òkúta wẹ́wẹ́ kò ní ìṣòro yẹn.)

Kí ọmọ tó lè ro nǹkan pọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà ná. Kíka nǹkan yàtọ̀ sí kíké ení, èjì, ẹ̀ta bí orin. Ọmọ lè ké e dé ogún geere, kí ìka ẹ̀ sì fo ekùrọ́ méjì, tàbí kó kan ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ihò wà fún nìyẹn: ihò kan, ekùrọ́ kan, orúkọ kan. Ó tún gbọ́dọ̀ yé e pé orúkọ tó pè kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Bí a bá bi í pé "Mélòó ni?" lẹ́yìn tó kà á tán, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení, àròpọ̀ kò tíì kàn án. Ọmọ tó máa ń jókòó ti àwọn tó ń ta ayò kì í pẹ́ níbí: ojú ló fi ń mọ mẹ́rin tó wà nínú ihò, kì í kà á.

Ó wá kan 8 + 5. Ekùrọ́ mẹ́jọ nínú páálí kìíní, márùn-ún nínú èkejì. Ọmọ á kọ́kọ́ ka gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá a dúró. Tó bá yá, á rí i pé mẹ́jọ ti wà nílẹ̀, á sì máa kà lọ láti ibẹ̀. Àṣìṣe kan máa ń yọjú nígbà náà: "mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá", ó ti ka nǹkan márùn-ún, ó ní méjìlá ni. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nílé náà nìyẹn: ọjà ọrọọrún, ọjọ́ tí wọ́n ná an gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kan, oorun mẹ́rin péré la ó sùn kí wọ́n tó tún ná an. Ekùrọ́ ló ń tún un ṣe, kì í ṣe ìbínú olùkọ́. Gbogbo orúkọ tó bá pè, kó ní ekùrọ́ tuntun lábẹ́ ìka. "Mẹ́jọ" kò ní.

Lẹ́yìn èyí ni á tó rí i pé ihò méjì ló ṣófo nínú páálí kìíní. Á mú méjì nínú márùn-ún, á fi dí i. Mẹ́wàá pé, ẹ̀ta lé. Mẹ́tàlá.

Tó bá di 15, èdè Yorùbá yíjú padà. Ẹ to ekùrọ́ 17 sínú páálí méjèèjì. Nílé ẹ̀kọ́, èdè Faransé ni, dix-sept ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀wá àti èje: ihò tó kún ni wọ́n ń wò. Nílé, mẹ́tàdínlógún ni, ogún tó dín mẹ́ta: ihò tó ṣófo là ń wò. Páálí kan náà ni. Ọmọ tí kò bá fojú rí i á rò pé nǹkan méjì tí kò bára tan ni wọ́n ń kọ́ òun. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi ní kó gbé ọ̀kan jù sílẹ̀: ẹni tó lè pe mẹ́tàdínlógún ti ṣe àyọkúrò tán kó tó mọ àmì ẹ̀. Faransé náà kúkú ń ka ogún-ogún nígbà mìíràn. Quatre-vingts ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rin wa gan-an.

Àyọkúrò kì í ṣe kí a mú kúrò nìkan. Kí ni yóò kún un kó tó pé? Ta ló fi mélòó ju ẹnìkejì lọ? Àyọkúrò ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ra ọjà 350 F tó san 500, ọlọ́jà kì í yọ nǹkan kan kúrò kó tó dá owó padà: á fi 50 lé e lọ́wọ́, ó di 400, á fi 100 lé e, ó di 500.

Bí nọ́ńbà bá ju ogún lọ, ìgbálẹ̀ la ó lò. Ẹ fi rọ́bà di ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá. 32 − 7: ìdì mẹ́ta, ẹyọ méjì níta. Méjì kò ṣeé mú méje nínú ẹ̀, àfi kí ọmọ tú ìdì kan. Ó di ẹyọ méjìlá. Ó mú méje, ó ku márùn-ún, ìdì méjì ṣì wà: 25. Ẹni tó ti fọwọ́ tú rọ́bà yẹn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kó lọ yá ọ̀kan lórí wàláà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe owó ẹyọ láyé àtijọ́: 40 lórí okùn kan, okùn 50 ni ẹgbàá.

Jerome Bruner, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, sọ ọ́ ní 1966 pé ọwọ́ ló ń ṣáájú, àwòrán tẹ̀ lé e, kó tó kan àmì. Nítorí náà, lẹ́yìn ekùrọ́, kí ọmọ fi ẹfun ya ekùrọ́ ní róbótó-róbótó sórí wàláà, kó fa ìlà lé èyí tó bá yọ, kó tó kan 17 − 2. Láàárín ekùrọ́ àti àwòrán, a lè fi aṣọ bo páálí. A to 17 síbẹ̀ níṣojú ẹ̀, a bò ó, a ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, a mú méjì jáde hàn án. Ó ku mélòó? Ẹ má wo ẹnu ẹ̀, ìka ẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá ń tọ́ka lórí aṣọ sí ibi tí ihò márùn-ún ti ṣófo, ẹ lè kó ekùrọ́ padà sínú ike.