Fóòmáànù mẹkáníìkì ẹ̀rọ ńlá

Fóòmáànù mẹkáníìkì ẹ̀rọ ńlá ni ẹni tó ń darí àwọn mẹkáníìkì tó ń tọ́jú katapílà, gírédà, pélódà, kéréènì àti típà ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn ẹ̀rọ náà. Wọ́kíṣọ́ọ̀pù báyìí yàtọ̀ sí ti mẹkáníìkì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ará ìta. Àwọn ẹ̀rọ kan náà ló ń padà wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tó bá sì kú nínú wọn lè dá àwọn yòókù dúró: bí katapílà agbẹ́lẹ̀ kan kò bá ṣiṣẹ́, gbogbo típà tó ń gbérùpẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà á dúró. Nítorí náà, iye wákàtí tí àwọn ẹ̀rọ fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ló dára jù láti fi mọ fóòmáànù tó káwọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iye èyí tó tún ṣe.

Ẹni tó mọṣẹ́ jù láàárín àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n sábà ń fi ṣe fóòmáànù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí sípánà ti mọ́ lọ́wọ́ kì í tètè fi í sílẹ̀. Bó bá wọ abẹ́ ẹ̀rọ kan fún wákàtí mẹ́ta, páàtì tó yẹ kó ti bèèrè fún kò ní í dé lásìkò, ọmọ iṣẹ́ tí nǹkan rú lójú kò ní í rí ẹni bi, àwọn ẹ̀rọ mìíràn á sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó ń sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Wákàtí àti ọ́ìlì

Wákàtí ni a fi ń ka ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá, kì í ṣe kìlómítà, mítà tó ń kà á sì wà lára ẹ̀rọ náà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ sábà ń pín ìtọ́jú sí wákàtí 250, 500, 1,000 àti 2,000. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kàn. Bí wákàtí bá ṣe ń gòkè ni ti gíábọ́ọ̀sì àti ti háídírọ́líìkì (ọ́ìlì alágbára tó ń gbé apá ẹ̀rọ) ń dé. Fóòmáànù gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ tí àsìkò rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí fílítà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó wọlé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fi wákàtí wọn ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́. ISO 15143-3, tí ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà káríayé, gbé jáde ní 2016, ni ìlànà tó jẹ́ kí ìsọfúnni láti ara ẹ̀rọ onírúurú ilé-iṣẹ́ lè wọlé ní ọ̀nà kan náà.

Ọ́ìlì tó ń jáde náà ń sọ̀rọ̀. A máa ń bu díẹ̀ sínú ìgò mímọ́ kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí irin inú rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, nǹkan kan ń jẹra nínú ẹ́ńjìnnì. Bí omi rédíétọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ibì kan ti jò láti inú. Bí silicon, èròjà inú iyanrìn, bá gòkè pẹ̀lú irin, eruku ló sábà ń wọlé: kí a tó ronú àtitú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan lọ wo ọ̀pá tó gba atẹ́gùn láti fílítà wọ ẹ́ńjìnnì, nítorí kílípù kan ṣoṣo tó dẹ̀ lè sọ ẹ́ńjìnnì odindi di aláìníláárí.

Pínpín iṣẹ́

Bí iṣẹ́ iná mànàmáná ẹ̀rọ bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nígbà gbogbo, ọjọ́ tí ẹni náà kò bá wá ni wọ́kíṣọ́ọ̀pù yóò mọ̀ pé òun kò ní ẹlòmíràn. Ó dára kí a fi ọmọ iṣẹ́ ti àgbà, kí ọmọ sì máa di irinṣẹ́ mú fúnra rẹ̀.

Níbi wíwá àṣìṣe ẹ̀rọ ni ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe pàtàkì jù. Ká ní apá katapílà agbẹ́lẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ọmọ iṣẹ́ sì ní kí wọ́n ra pọ́ńpù tuntun. Fóòmáànù tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní í fọwọ́ sí i, kò sì ní í bú u. Yóò bi í pé ṣé apá nìkan ló ń falẹ̀ ni àbí gbogbo ara ẹ̀rọ? Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, pọ́ńpù, ọ́ìlì, fílítà tàbí eré ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí a wò. Bó bá jẹ́ apá nìkan, ó lè jẹ́ sìlíńdà apá náà tàbí fáàfù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè iye tí géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì kà, àti ohun tí awakọ̀ rí kí ìṣòro náà tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ lágbedeméjì fún àwọn tó ń bọ̀ lálẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí àmì sì wà lára ìdarí ẹ̀rọ. Bóòtù tí a fi ọwọ́ lásán dè jọ èyí tí a ti fún pinpin. Ọ̀dà díẹ̀ tí a fà sórí èyí tó ti pé ń yanjú rẹ̀.

Ààbò

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, a ó ti orísun agbára rẹ̀ pa, mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan á sì fi àgádágodo tirẹ̀ sí i. Òun nìkan ló lè ṣí i. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba lórí èyí jáde ní 1989. Pípa ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ sọ apá ẹ̀rọ kalẹ̀ títí tó fi kan ilẹ̀, kí a sì tú agbára tó kù nínú háídírọ́líìkì sílẹ̀ bí ìwé ẹ̀rọ náà ṣe wí.

Agbára tí ọ́ìlì háídírọ́líìkì katapílà agbẹ́lẹ̀ fi ń tì lè ju 300 bar lọ (bar ni òṣùwọ̀n irú agbára bẹ́ẹ̀). Ọ́ìlì tó ń jò láti ojú ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè dà bíi ti ẹ̀gún, ó sì lè má dun ẹni púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kíákíá, ó lè gba ọwọ́ odindi. Páálí ni a fi ń wá ibi tó ń jò, a kì í fi ọwọ́ wá a. Táyà ńlá náà ń pani: a gbọ́dọ̀ tú gbogbo atẹ́gùn rẹ̀ jáde kí a tó tú rìmù, inú àgò irin ni a sì ń fẹ́ èyí tí rìmù rẹ̀ jẹ́ alápá púpọ̀ tí a tò pọ̀.

Ẹni tó ń dúró de ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ yóò máa pe fóòmáànù lórí fóònù léraléra. Síbẹ̀, títí àgádágodo tó kẹ́yìn yóò fi kúrò lára ẹ̀rọ, tí ẹni tó tún un ṣe yóò sì dán an wò lójú rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé kó máa lọ.