Ọ̀rọ̀ Kan, Ilẹ̀kùn Méjì: Bí Látìnì Ṣe Wọ Àwọn Èdè Yúróòpù

Ọsibítù àti òtẹ́ẹ̀lì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti gba méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì náà gbà wọ́n lọ́wọ́ Faransé, ìdí wọn ní Faransé sì ni ọ̀rọ̀ Látìnì kan ṣoṣo: hospitale, ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò. Hospes ló bí hospitale. Òun ni àwọn ará Róòmù fi ń pe àlejò, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe onílé tó gba àlejò. Ohun tó ya àwọn ọmọ hospitale nípá ni pé ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé kò dọ́gba. Hôtel, òtẹ́ẹ̀lì ní Faransé, gba ẹnu àwọn èèyàn wọlé; hôpital, ọsibítù, gba inú ìwé.

Irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan ṣùgbọ́n tí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé inú èdè kan náà, ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní doublet. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Wọ́n kún inú Faransé, Sípéènì, Potogí, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì fọ́fọ́. Ẹni tó bá mọ àmì tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan máa ń fi sára ọ̀rọ̀ lè wo ọ̀rọ̀ tí kò rí rí, kó sì sọ ibi tó gbà wọlé.

Ilẹ̀kùn ẹnu ló kọ́kọ́ ṣí. Àwọn ọmọ ogun Róòmù wọ ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Krístì. Julius Caesar ṣẹ́gun ilẹ̀ Gaul, tí a ń pè ní Faransé lónìí, láàárín ọdún 58 sí 50 ṣáájú ìbí Krístì. Látìnì ọjà, ti oko àti ti bárékè ni wọ́n gbé dé. Àwọn ará ibẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n fi tọ́ ọmọ, àwọn ọmọ náà fi tọ́ ọmọ tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò jókòó pé òun fẹ́ yí èdè padà, ahọ́n ìran kọ̀ọ̀kan ló ń gé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 813, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní ìlú Tours, ní ilẹ̀ Faransé, pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi èdè tí ará oko ń sọ ṣe ìwàásù, torí Látìnì ṣọ́ọ̀ṣì kò yé ìjọ mọ́. Ní 842, àwọn ọmọ-ọmọ méjì tí Charlemagne, ọba ńlá àwọn Frank, ní jọ búra ní Strasbourg, wọ́n sì kọ apá kan ìbúra náà sílẹ̀ ní èdè tuntun yìí. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọsílẹ̀ Faransé tó pẹ́ jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé hospitale títí yóò fi di hôtel, torí pé ìyípadà rẹ̀ ní òfin. Sílébù kẹta ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pè é: hos-pi-TA-le. Ní Faransé, fáwẹ́lì tó wà lẹ́yìn sílébù àkọ́kọ́ àmọ́ tó ṣáájú sílébù tó wúwo máa ń já bọ́. Bí i ṣe lọ nìyẹn. P wá há sáàárín s àti t, òun náà lọ. Fáwẹ́lì a tó gba ìwúwo, tí kọ́ńsónáǹtì kò sì dí ẹnu sílébù rẹ̀, máa ń di e: bẹ́ẹ̀ ni mare, òkun, ṣe di mer, bẹ́ẹ̀ ni salem, iyọ̀, ṣe di sel, bẹ́ẹ̀ ni patrem, bàbá, ṣe di père. Fáwẹ́lì ìparí náà jábọ́, ó wá ku hostel. Lẹ́yìn èyí ni s tó ṣáájú kọ́ńsónáǹtì dákẹ́, hostel sì di hôtel. Ẹ wá gbé hôpital sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. I rẹ̀ wà níbẹ̀, p wà níbẹ̀, a rẹ̀ kò sì di e. Yàtọ̀ sí fáwẹ́lì ìparí, s nìkan ló sọnù lára rẹ̀, torí pé ó ti wọlé kí s tó dákẹ́.

Ìtumọ̀ àtijọ́ kò kú tán. Hôtel-Dieu tó wà ní Paris, ọsibítù ni títí di òní. Ẹni tó bá sì rí hôtel de ville nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kó má wulẹ̀ gbé báàgì lọ síbẹ̀ pé òun fẹ́ sùn: ilé ìjọba ìlú ni.

Àmì tó dà bíi filà lórí ô inú hôtel ń tọ́ka sí ibi tí s kú sí. Ìwé atúmọ̀ èdè tí Académie française, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó èdè Faransé, tẹ̀ jáde ní 1740 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà kí s tó kú, ìdí nìyẹn tí s fi wà nínú forest, beast, feast àti coast, nígbà tí Faransé ń kọ forêt, bête, fête àti côte. Ẹni tó ń kọ́ Faransé lè lo èyí lójoojúmọ́: tó bá rí filà, kó fi s síbẹ̀ wò. Kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo o. Nínú âge àti sûr, fáwẹ́lì kan ló kú síbẹ̀, kò sí s níbẹ̀ rí.

Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, torí pé èdè márùn-ún ló ń jẹ́rìí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ct ni. Látìnì ní noctem, òru. Sípéènì sọ ọ́ di noche, Potogí di noite, Ítálì di notte, Faransé di nuit, Romaníà di noapte. Tó bá mọ síbẹ̀, a lè ní ó ṣèèṣì ni. Ẹ wá wo wàrà, lactem: leche, leite, latte, lait, lapte. Ẹ wo ẹẹ́jọ, octo: ocho, oito, otto, huit, opt. Ibi tí Látìnì bá ti ní ct, ch ni Sípéènì ń fi síbẹ̀, it ni Potogí àti Faransé, tt ni Ítálì, pt ni Romaníà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ct tó dá pé ṣáṣá nínú ọ̀rọ̀ Sípéènì, bíi nocturno tàbí lácteo, ẹ mọ̀ pé inú ìwé ló ti wá. Ahọ́n kò bá a jà rí.

Ilẹ̀kùn ìwé kò fi ìgbà kankan tì pátápátá. Àlùfáà, adájọ́ àti oníṣègùn ń kọ Látìnì ní gbogbo ìgbà tí àwọn ará ọjà ń sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1300 sí 1600 ni ó ṣí gbayawu, nígbà tí àwọn atúmọ̀ èdè ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí èdè ilé kò tíì ní orúkọ fún. Iṣẹ́ wọn kò le: wọ́n á mú ọ̀rọ̀ Látìnì, wọ́n á gé ìrù rẹ̀, wọ́n á so ìrù èdè tiwọn mọ́ ọn. -Tatem di -té ní Faransé, -dad ní Sípéènì, -ty ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí fragilem, ohun tó lè fọ́, ṣe wá ní ọmọ méjì ní Faransé nìyẹn: frêle tó gba ẹnu, fragile tó gba ìwé. Gẹ̀ẹ́sì sì gba àwọn méjèèjì, frail àti fragile. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó gba ẹnu ló máa ń súnmọ́ ara àti ilé. Èyí tó gba ìwé ló máa ń jókòó sí ọ́fíìsì.

Àpẹẹrẹ kan wà tó kan àwa gan-an. Ọmọ ni filium ní Látìnì. Ní Potogí ó di filho, ní Sípéènì ó di hijo. Òfin méjì ló wà níbẹ̀: f tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ máa ń di h ní Sípéènì, wọn kì í tilẹ̀ pe h náà mọ́; li tí fáwẹ́lì bá tẹ̀ lé sì máa ń di j ní Sípéènì, lh ní Potogí. Folia, ewé, gba ọ̀nà kan náà: hoja, folha. Ní ilé òrìṣà ní Bràsíìlì, filho de santo ni wọ́n ń pe ọmọ òrìṣà. Ní Kúbà, ẹni tí bàbálòrìṣà tàbí ìyálòrìṣà bá ṣe òrìṣà fún ni ahijado rẹ̀. Affiliatus ni ahijado, ẹni tí a sọ di ọmọ; f àti li ti lọ lára rẹ̀ bíi ti hijo. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó gba ìwé ni afiliado, tí Sípéènì fi ń pe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀kan ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú òrìṣà, èkejì ń gba káàdì ẹgbẹ́.

Jámánì kì í ṣe ọmọ Látìnì, ṣùgbọ́n ó yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lè fi ìró mọ èyí tó pẹ́ àti èyí tí kò pẹ́. Láyé àtijọ́, k ni àwọn ará Róòmù ń pe c níbi gbogbo. Nígbà tó yá, c tó ṣáájú e àti i wá di ts tàbí irú rẹ̀ mìíràn. Keller, yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí, wá láti cellarium. Zelle, yàrá kótópó tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ń gbé, wá láti cella. K wà nínú ti àkọ́kọ́ torí pé ìgbà tí c ṣì jẹ́ k ni wọ́n yá a. Z tó wà nínú èkejì, ts ni wọ́n ń pè é, ó sì fi hàn pé ìgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló dé.

Gẹ̀ẹ́sì ló gba Látìnì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Capitale, láti ara caput, orí, di cattle lẹ́nu àwọn Norman, ará àríwá Faransé tó ṣẹ́gun Ẹ́ńgílándì ní 1066. Ó di chattel láti ọwọ́ àwọn Faransé tó ń sọ ca di cha. Ó tún gba inú ìwé di capital. Ọrọ̀ tàbí ohun ìní ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ́ka sí. Discus, tí Látìnì fúnra rẹ̀ yá lọ́wọ́ Gíríìkì, bí dish, desk, dais àti disk, kó tó tún wá di discus tí àwọn eléré ìdárayá ń jù.

Àṣìṣe pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ló sì dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Dette ni Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Faransé fún gbèsè. Àwọn akọ̀wé rántí debitum, wọ́n ti b bọ inú debt, ẹnikẹ́ni kò sì pe b yẹn rí. Ti island burú jù bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àbínibí ni, s kò sí níbẹ̀ rí, àfi ìgbà tí wọ́n rò pé ara isle àti insula ni. Faransé ń kọ poids, ìwọ̀n, pẹ̀lú d nítorí pondus, bẹ́ẹ̀ pensum ni bàbá rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, lẹ́tà tí a kọ tí a kì í pè kò tó ẹ̀rí.

Jíjọra náà kò tó. Much àti mucho kò bára tan rárá: mucho wá láti multum, gẹ́gẹ́ bí cuchillo, ọ̀bẹ, ṣe wá láti cultellum, torí Sípéènì máa ń sọ irú lt bẹ́ẹ̀ di ch. Day àti día kò tan mọ́ ara wọn. Night sì jẹ́ ìbátan noctem láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ kan, kó kọ́kọ́ wo ìwé atúmọ̀ èdè Látìnì dáadáa. Nox, noctis ni yóò bá níbẹ̀. Kó fi nox sílẹ̀, kó mú ìdí ọ̀rọ̀ kejì, torí pé ìrísí tí ọ̀rọ̀ ní nígbà tó bá jẹ́ àbọ̀ nínú gbólóhùn, noctem, ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ fi wọ àwọn èdè wọ̀nyí. Kó ka sílébù: èyí tó gba ẹnu sábà máa ń kúrú ju ti ìwé lọ. Kó wo kọ́ńsónáǹtì tó wà láàárín. Kó tó gbà pé òfin ni, kó wá ọ̀rọ̀ méjì mìíràn ó kéré tán tó yí padà lọ́nà kan náà.

Àwọn ìgbà kan wà tí òfin kankan kò lè ranni lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1826, ní ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, wọ́n sì ń pè é ní omnibus, Látìnì tó túmọ̀ sí “fún gbogbo èèyàn”. Ní 1829, George Shillibeer, tó ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, gbé irú rẹ̀ wọ London. Omni- ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, òun ló túmọ̀ sí gbogbo; ìrù lásán ni -bus, tó ń sọ pé àwọn èèyàn ni nǹkan náà wà fún. Àwọn ará London gé orí, wọ́n mú ìrù. Ìrù yẹn ni à ń dúró dè ní ibùdókọ̀ tí a bá ń retí bọ́ọ̀sì.