Ọkọ̀ Ogun Tí Kì í Léfòó

Ọdún Iléyá tó kọjá, ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi tó ti òkè òkun dé kó ọkọ̀ ogun kéékèèké sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ láti fi ta eré ogun ojú omi. Ìyá wa wò wọ́n títí. "Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta! Ohun ìṣeré ọmọdé lo kó wálé?" Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa sọ náà nìyẹn. Ọmọ àbúrò mi tiẹ̀ ju ọ̀kan sínú báàfù omi. Ó rì kẹ́sẹ́.

Kò lè ṣàì rì. Òjé ni, wọ́n sì ti gé ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tí omi máa ń mu ọkọ̀ gidi dé. Ìwọ̀n rẹ̀ náà kì í ṣe àfojúdá: ìdá kan nínú 1,200 ti ọkọ̀ gidi ni. Yamato, ọkọ̀ ogun Japan, gùn tó mítà 263. Bí a bá pín in sọ́nà 1,200, ó di sẹ̀ǹtímítà 22. Ìbọn rẹ̀ ń lọ tó kìlómítà 42. Pín ìyẹn náà, ó ku mítà 35. Ẹ̀yin á wà ní pálọ̀ wa, ọ̀tá yín á wà lójúde aládùúgbò. Abájọ tí ọ̀pọ̀ òfin eré yìí fi ya ìwọ̀n ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ̀n òkun.

Ta ló wá ń ta á? Lọ́dún 1942, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń da ọkọ̀ ẹrù Gẹ̀ẹ́sì láàmú lórí Àtìláńtíìkì, Gilbert Roberts, ọ̀gá ọkọ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti lé kúrò lójú omi, da ilẹ̀ yàrá kan ní Liverpool di òkun. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ológun ló ń sún ọkọ̀ kéékèèké náà. Ẹ̀yìn aṣọ ni ọ̀gá ọkọ̀ tó wá kọ́ṣẹ́ ń dúró sí, ihò tóóró ló ń gbà yọjú, kó má baà rí ju ohun tí yóò rí lójú omi lọ. Ẹfun aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń fa ipa ọ̀nà ọ̀tá: láti ẹ̀yìn aṣọ, ojú kì í ká a lórí ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọgbọ́n tí wọ́n fi dọdẹ àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi. Admiral Max Horton, tó ti wa ọkọ̀ abẹ́ omi nínú ogun àgbáyé kìíní, jókòó ta á pẹ̀lú Janet Okell, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Horton di òpè.

Ìyá rẹ́rìn-ín síyẹn. Ọ̀ta ayò ni bàbá tó bí i ní Kétu. Ó ní èwo wá ni ọkọ̀ abẹ́ omi nínú èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ yìí? Ẹ̀gbọ́n mi nàka sí ilà ẹfun kan lórí sìmẹ́ńtì, tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti ń pa rẹ́.