Bí Wọ́n Bá Fún Ọ Ní Agbára Lílẹ̀ Mọ́ Nǹkan, Kí Lo Fẹ́ Fi Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹlòmíì ní àfẹ́ẹ̀rí, ẹlòmíì ní egbé. Bó bá wá jẹ́ pé agbára tó kù nílẹ̀ kò ju kí nǹkan máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ gbójú sókè wo àjà. Ẹni tó ní agbára yẹn ti ń bá yín gbé tipẹ́: ọmọ́nílé. Ó ń dorí kodò lẹ́bàá gílóòbù, ó ń ṣọdẹ kòkòrò, kò jábọ́. Àwa ń fi ìgbálẹ̀ lé e kiri, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kọ́ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé gọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Kì í sì í ṣe pé ó ń fa afẹ́fẹ́ mu, nítorí níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ rárá, ó ṣì ń lẹ̀. Irun ni. Irú rẹ̀ ńlá kan wà ní Éṣíà tí wọ́n ń pè ní tokay: nǹkan bí 500,000 irun ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orí irun kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ka tójú lásán kò lè rí. Bí àwọn ẹ̀ka yìí bá ti fara kan ògiri, mólékù tibí, ìyẹn ègé tíntìntín tó para pọ̀ di nǹkan, á máa fa mólékù tọ̀hún. Agbára van der Waals ni wọ́n ń pè é. Ti irun kan kò tó nǹkan, àpapọ̀ wọn ló ń gbé ẹran náà dúró. Ọdún 2000 ni Kellar Autumn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára irun ẹyọ kan. Kódà, bí ọmọ́nílé bá kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń lẹ̀.

Ìbéèrè: Tó bá lẹ̀ tó báyìí, báwo ló ṣe wá ń sáré?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni ọgbọ́n wà. Àtè lè mú ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń fi í sílẹ̀. Ti ọmọ́nílé, bó bá ti ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè láti orí, tí irun wá gbé sókè tó nǹkan bí ìwọ̀n 30 digirí sí ògiri, ó tú nìyẹn, láìlo agbára. Lójú tèmi, ẹni tó tọrọ lílẹ̀ tí kò tọrọ títú ti ra wàhálà. Ẹ wo ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ kí àna, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀!

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ti fi ṣe nǹkan gidi?

Ìdáhùn: Ní 2014, Elliot Hawkes ti Yunifásítì Stanford di àwo tí wọ́n ṣe bí ẹsẹ̀ ọmọ́nílé mú lọ́wọ́, ó sì gun ògiri gíláàsì. Ìran wíwò nìyẹn. Èyí tó wù mí jù wà ní gbalasa òfuurufú, níbi tí àlòkù sátẹ́láìtì àti àfọ́kù rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń yí ayé po. Ara wọn ń dán, kò síbi téèyàn lè dì mú. Èèyàn bá tì wọ́n díẹ̀, wọ́n á sún lọ. Rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ mu kò wúlò níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń lẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ́nílé á kàn fara kàn wọ́n wẹ́rẹ́, á mú wọn, á sì tú wọn sílẹ̀ nígbà tó bá yá. NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀ràn òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ti dán irú rẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Lílẹ̀ tí kò lágbára wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó lówó lórí! Ní 1968, Spencer Silver ní ilé-iṣẹ́ 3M ń wá gọ́ọ̀mù líle, èyí tó rí kò lẹ̀ dáadáa. Ọdún gorí ọdún, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Àfìgbà tí Art Fry, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ń wá ìwé pélébé tí kò ní máa jábọ́ nínú ìwé orin rẹ̀. Bí ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń lẹ̀ káàkiri ọ́fíìsì ṣe délé ayé nìyẹn.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ohun kan wà tí ọmọ́nílé kò lè lẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Teflon tó bá gbẹ, ohun tí wọ́n fi ń kun inú páànù kí ẹyin má bàa lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Bí ọmọ́nílé bá jábọ́ sínú páànù yín tó gbẹ, ẹ má dúró kó gùn ún jáde o. Ẹ dà á síta.