Kúáńtọ́ọ̀mù Ò Lè Bá Yín Dá Àná Padà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kúáńtọ́ọ̀mù, ẹ ò lè bá mi dá ọdún mẹ́wàá padà?" Ẹni kẹrin nìyẹn lọ́dún yìí. Físíìsì ni mo ń kọ́ wọn ní yunifásítì, n kì í ta àgúnmu.

Kúáńtọ́ọ̀mù ni ẹ̀kọ́ físíìsì nípa átọ́ọ̀mù àtàwọn ohun tín-tìn-tín. Mi ò ní ṣàlàyé átọ́ọ̀mù, ẹ ti ṣe é ní girama. Ìṣòro ìrìn padà sí àná rèé: bí èèyàn bá padà sí àná lọ dínà mọ́ bàbá àgbà rẹ̀ kó tó fẹ́ ìyá àgbà, ta ló máa wá bí bàbá tirẹ̀? Ta ló sì lọ dínà? Onímọ̀ físíìsì David Deutsch ní Oxford fi ìṣirò kúáńtọ́ọ̀mù tú kókó yìí lọ́dún 1991. Orí ìwé ló ti tú u o.

Ìrìn lọ sí ọjọ́ iwájú la ti fi aago wọ̀n: eré sísá àti gíga lójú òfuurufú máa ń mú kí àkókò falẹ̀ tàbí kó yá díẹ̀. Aago ni mo fẹ́ràn jù níbi iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. Ní October 1971, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà méjì, Hafele àti Keating, gbé aago késíọ̀mù mẹ́rin (aago átọ́ọ̀mù tí kì í ṣì) wọ bàálù èrò, wọ́n yí ayé po. Ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí bílíọ̀nù ọ̀nà: lápá ìlà-oòrùn, aago wọn fi 59 rẹ̀yìn, lápá ìwọ̀-oòrùn, ó fi 273 ṣáájú. Sátẹ́láìtì tó ń júwe ọ̀nà fún fóònù yín náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọn ò bá tún aago rẹ̀ ṣe, á máa fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan yá ju tiwa lọ lójúmọ́. Ó kéré lójú yín? Ìmọ́lẹ̀ á ti rin kìlómítà 11 kí ìyẹn tó tán.

Gbogbo iṣẹ́ àṣekára yìí làwọn ayédèrú fi ń jẹun. Aládùúgbò mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sọ́dọ̀ oní-"ẹ̀rọ kúáńtọ́ọ̀mù" kan. Wọ́n ní kó di ọ̀pá irin mú, kọ̀ǹpútà sì tẹ àìsàn jáde rẹpẹtẹ. Wọ́n ta àwo gíláàsì fún un ní 45,000 náírà, pé á dá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ padà sígbà èwe. Mo bá a padà débẹ̀. Mo fi aṣọ ìnujú tútù wé ọ̀pá náà. Ẹ̀rọ ní ẹ̀dọ̀ aṣọ ìnujú mi ti rẹ̀, kó yáa dín iyọ̀ kù.

Mo rẹ́rìn-ín títí a fi dé kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aládùúgbò mi: 190 lórí 110, ó ti ga kọjá ààlà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti gbé oògùn rẹ̀ jù sílẹ̀ nítorí àwo yẹn.