Ìdìbò àti òṣèlú ní ìgboro Àkúrẹ́

Àkúrẹ́ ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 1976. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro náà àti àwọn abà tó yí i ká: Gúúsù Àkúrẹ́, níbi tí Ọjà Ọba, Ìsinkàn àti Alágbàká wà, àti Àríwá Àkúrẹ́, tí Ìjú àti Ìta-Ògbólú wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ìkànìyàn 2006, èèyàn 353,211 ni wọ́n kà ní Gúúsù, 131,587 sì ni ti Àríwá. Aṣojú kan ṣoṣo ni méjèèjì jọ ń rán lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, wọ́n sì wà ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ Àárín Gbùngbùn Oǹdó pẹ̀lú Ìdànrè, Ifẹ́dọ́rẹ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó.

Láti ayé Awólọ́wọ̀ ni ìpínlẹ̀ náà ti ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú. Michael Adékúnlé Ajáṣin ti UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ló wọlé gómìnà ní 1979. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò kéde ní oṣù kẹjọ 1983 pé Akin Ọmọ́bóríowó ti NPN (ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àpapọ̀ nígbà náà), tó ti jẹ́ igbákejì Ajáṣin rí, ló borí, Àkúrẹ́ gbóná janjan. Wọ́n sun ilé, ẹ̀mí sì bọ́. Lára àwọn tí wọ́n pa ni Ọláìyá Fágbàmígbé, gbajúmọ̀ onílé-iṣẹ́ ìwé. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin, ṣùgbọ́n àwọn ológun gbàjọba kí ọdún náà tó parí. Ní 1999, Olú Fálàè, ọmọ Ìlú-Àbò nítòsí Àkúrẹ́, du ipò ààrẹ pẹ̀lú Ọbásanjọ́. Ó borí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọbásanjọ́ ló wọlé.

Ọ̀rọ̀ “ọmọ wa”

Àkúrẹ́ ni ìjọba ń jókòó sí, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọmọ Àkúrẹ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà. Ọ̀wọ̀ ni Ajáṣin àti Rótìmí Akérédolú ti wá, Àkùngbá ni Adébáyọ̀ Adéfarátì, ìhà Òkìtìpupa ni Olúṣẹ́gun Àgágù, ìlú Oǹdó sì ni Olúṣẹ́gun Mímíkò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìbò ìgboro yìí fi ń yà kúrò lára ti ìyókù ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́, agbẹjọ́rò àgbà tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, ló kọ́kọ́ fi èyí hàn kedere. PDP fà á kalẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n ìjà inú ẹgbẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù kí ìdìbò wáyé tí wọ́n dá a padà. Akérédolú ti APC borí. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2020. Akérédolú ní 292,830, Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 195,791. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún, mẹ́ta péré ló bọ́ sọ́wọ́ Jẹ́gẹ́dẹ́: Gúúsù Àkúrẹ́, Àríwá Àkúrẹ́ àti Ifẹ́dọ́rẹ tó múlé tì wọ́n. Ní Gúúsù nìkan, 47,627 ni àwọn alábùradà (PDP) kó, tí onígbálẹ̀ (APC) sì rí 17,277. Ìyẹn ni pé gbogbo ìbò tí Jẹ́gẹ́dẹ́ rí ní ìpínlẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Èyí kò sọ Àkúrẹ́ di ilé PDP. Tayọ̀ Alásoàdúrà, ọmọ Ìjú, ló gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ fún APC ní 2015. PDP gbà á ní 2019, APC tún gbà á ní 2023. Ìjókòó aṣojú-ṣòfin, tó wà lọ́wọ́ PDP, bọ́ sọ́wọ́ APC nínú àtúndì ìbò oṣù kejì 2022, lẹ́yìn tí ẹni tó wà níbẹ̀ kú.

Owó oṣù àti owó ọbẹ̀

Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ ní Àkúrẹ́, nítorí náà owó oṣù tí wọn kò san máa ń di ọ̀rọ̀ ìpolongo. Lọ́dún 2016, gbèsè owó oṣù tí ìjọba Mímíkò jẹ jẹ́ ẹrù tí Jẹ́gẹ́dẹ́, tó ti ṣe kọmíṣọ́nnà fún un, rù kiri ìlú.

Ríra ìbò náà wà. “Dìbò kóo sebẹ̀” ni wọ́n ń pè é: olùdìbò á ká ìwé ìdìbò rẹ̀ lọ́nà tí aṣojú ẹgbẹ́ tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán á fi rí ibi tó tẹ̀ka sí, á sì lọ gba owó rẹ̀ lẹ́yìn.

Ìdìbò gómìnà Oǹdó kì í bá ti gbogbogbòò rìn mọ́ láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ ti gbé Mímíkò wọlé ní oṣù kejì 2009. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2024, Lucky Ayédàtiwá ti APC borí nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún, Àkúrẹ́ méjèèjì kò yọ sílẹ̀. Ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ ni òun àti Agbóọlá Àjàyí ti PDP ti wá, kò sí ọmọ Àkúrẹ́ nínú àwọn méjèèjì.